Bí ẹnì kan ṣoṣo tó ń tọ́jú sọ́fítíwíà bá dáwọ́ dúró: ìbéèrè àti ìdáhùn

Oríṣi ènìyàn méjì ni mo kọ èyí fún. Àkọ́kọ́ ni ẹni tó ń lo sọ́fítíwíà tí ẹnì kan ṣoṣo kọ: ilé ìwé tó fi ń gbé èsì ìdánwò jáde, ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù tó fi ń ṣírò owó ọmọ ẹgbẹ́, ilé oògùn tó fi ń ka ọjà orí pẹpẹ. Èkejì ni ẹni tó kọ ọ́ gan-an, tó ń dá tọ́jú rẹ̀ lóru lẹ́yìn tó bá ti ibi iṣẹ́ òòjọ́ dé. Ìbéèrè wọn kì í jọra, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka ti ara yín tán, ẹ ka ti ẹnì kejì náà.

Kí ló máa ń mú kí ẹni tó ń dá tọ́jú sọ́fítíwíà jáwọ́ nínú rẹ̀?

Ikú ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rò, àmọ́ òun kọ́ ni mo ń rí jù. Iṣẹ́ tuntun ni. Ọmọkùnrin tó kọ áàpù yín ní Ìbàdàn rí iṣẹ́ gidi ní Èkó, tàbí ó jápa lọ sí Kánádà, àyè kò sí mọ́, ojú sì ń tì í láti sọ fún yín. Ẹ pè é, ó gbé e, ó ní, "Ẹ má bínú sà, mà á wò ó ní wíkẹ́ǹdì." Wíkẹ́ǹdì yẹn lẹ máa dúró dè títí. Àìsàn wà níbẹ̀, ọmọ tuntun wà níbẹ̀, ìjà lórí owó náà wà níbẹ̀. Àárẹ̀ lásán tún wà: kí ènìyàn máa ṣe iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, kí àwọn tó ń jẹ àǹfààní rẹ̀ sì máa kọ̀wé èébú sí i.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ètò tí ẹ bá ṣe fún ikú nìkan kò ní ràn yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹni náà wà láàyè tí kò kàn dáhùn mọ́. Ẹni tó kú, ẹbí rẹ̀ lè lọ gba ìwé àṣẹ ní ilé ẹjọ́. Ẹni tó wà ní Toronto tí kò gbé fóònù, ta lẹ fẹ́ lọ bá?

Kódù rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ṣé ọkàn mi kò ti lè balẹ̀ báyìí?

Rárá o. Kódù kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Àkáǹtì ni, àti pásíwọ́ọ̀dù, àti nọ́ńbà fóònù: gbogbo ohun tí sọ́fítíwíà náà ń fi mí.

Ẹ mú ìkànnì ilé ìwé kan. Orúkọ ìkànnì náà, ẹni tó kọ ọ́ ló rà á, ímeèlì tirẹ̀ ló sì fi rà á. Server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì náà ń gbé lórí rẹ̀, káàdì tirẹ̀ ló ń san owó rẹ̀ ní dọ́là lóṣooṣù. (Ẹ̀yin tí ẹ rántí ọdún 2022, nígbà tí àwọn báńkì kan ní Nàìjíríà dín ohun tí káàdì náírà lè ná sókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù, tí àwọn mìíràn dá a dúró pátápátá, ẹ mọ̀ pé server lè kú láìjẹ́ pé ara ẹnikẹ́ni kò yá.) Ibi tí àwọn òbí ti ń san owó ilé ìwé, orúkọ rẹ̀ àti BVN rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bí Google bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá òun gan-an ló fẹ́ wọlé, fóònù rẹ̀ ni wọ́n máa fi OTP ránṣẹ́ sí.

Nọ́ńbà yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Lábẹ́ ìlànà NCC, àjọ tó ń darí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà, nọ́ńbà tí kò bá sí ohun tó ń mówó wọlé lórí rẹ̀ fún oṣù 6 lè di títì. Bí ó bá tún wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù 6 mìíràn, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù lè gbà á padà kí wọ́n sì tà á fún ẹlòmíràn. Ẹni tó rà á kò mọ nǹkan kan nípa ilé ìwé yín. Síbẹ̀, orí fóònù tirẹ̀ ni OTP àkáǹtì tó di gbogbo nǹkan mú yóò máa bọ́ sí.

Orúkọ ìkànnì tó parí sí .com kì í kú lọ́jọ́ kan. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, ẹni tó tà á sábà máa ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ san owó. Bí wọ́n bá wá pa á rẹ́, 30 ọjọ́ ṣì wà tí ẹni tó ni ín lè fi rà á padà pẹ̀lú owó gọbọi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọjọ́ 5 tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kàn án, lẹ́yìn ìyẹn ó di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ mú un. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ṣọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí òbí ti ń wo èsì ọmọ lè di ìkànnì tẹ́tẹ́ láàárín oṣù mélòó kan.

Áàpù orí Android tún ní tirẹ̀: kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí i kí fóònù tó gbà pé àtúnṣe náà wá láti ọwọ́ ẹni tó ni ín. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá sọ kọ́kọ́rọ́ yẹn nù kò lè tún áàpù náà ṣe mọ́ láéláé. Ó ní láti gbé òmíràn jáde, kó sì máa bẹ gbogbo ènìyàn kí wọ́n yọ ti tẹ́lẹ̀. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2021, áàpù tuntun tó bá wọ Play Store, Google ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ áàpù tó ti wà ṣáájú ìgbà yẹn, inú fáìlì kékeré kan lórí laptop ẹnì kan ni kọ́kọ́rọ́ wọn ṣì wà.

Wọ́n ń sọ "bus factor". Kí nìyẹn?

Iye ènìyàn tó gbọ́dọ̀ kúrò kí iṣẹ́ kan tó dúró. Ti yín, bí ẹ bá ń ka èyí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 1.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì náà ti pẹ́. Ní ọdún 1994, ẹnì kan béèrè láàárín àwọn tó ń lo Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kódù, pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí bọ́ọ̀sì bá gbá Guido van Rossum tó dá èdè náà sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì kankan kò gbá a. Ní oṣù keje ọdún 2018, ó fúnra rẹ̀ ní ó ti tó òun, ó sì fi ipò sílẹ̀ láì yan ẹnikẹ́ni rọ́pò. Àwọn tó kù jókòó, wọ́n kọ ìlànà ìdarí, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019 wọ́n sì dìbò yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún. Python kò mì nítorí pé ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́. Áàpù ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù kò ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.

Ǹjẹ́ ibì kan wà tí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lọ, tí iṣẹ́ náà kò sì bàjẹ́?

Ó wà. Bram Moolenaar, ará Netherlands, gbé Vim, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń kọ kódù, jáde ní ọdún 1991, òun ló sì ń darí rẹ̀ títí ó fi jáde láyé ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 2023. Christian Brabandt, tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, bọ́ síwájú pẹ̀lú àwọn mìíràn. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2024, Vim 9.1 jáde, wọ́n sì fi ṣe ìrántí Bram. Ẹni tó gba iṣẹ́ kì í ṣe àjèjì, ohun tó yọ wọ́n nìyẹn.

Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù kò ní ikú nínú. Fóònù ọwọ́ yín mọ aago tó lù ní Èkó nítorí àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní tz database. Africa/Lagos ni wọ́n kọ ti wa sí nínú rẹ̀, Porto-Novo náà sì ń tẹ̀lé e. Arthur David Olson, òṣìṣẹ́ ìjọba ní National Institutes of Health ní Amẹ́ríkà, ló ń tọ́jú rẹ̀ láti àwọn ọdún 1980, kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì ni gbogbo ayé ti ń wá kó o. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, Astrolabe, ilé-iṣẹ́ tó ń ta sọ́fítíwíà fún àwọn awòràwọ̀, pe Olson àti Paul Eggert, tí wọ́n jọ ń ṣe é, lẹ́jọ́ pé wọ́n kó àkọsílẹ̀ láti inú ìwé tí àwọn ní ẹ̀tọ́ lé lórí. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá, Olson ti ibẹ̀ pa. Bí ẹ bá rò ó, aago ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àti fóònù ayé di ohun tí kò sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ́ ní ọ̀sán kan.

Kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ICANN, àjọ tó ń ṣètò orúkọ ìkànnì lágbàáyé, fi gbé e sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Olson ti ń múra àtifẹ̀yìntì, ṣáájú ẹjọ́ náà ni wọ́n sì ti ń kọ ìlànà bí wọ́n ṣe máa gbé iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn ní oṣù kejì ọdún 2012. Oṣù yẹn kan náà ni ìlànà náà jáde ní RFC 6557, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń yan olùtọ́jú, bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀, àti ohun tó yẹ ní ṣíṣe bí ara kò bá rọ àwọn tó ń lò ó nípa rẹ̀. Eggert ló di olùtọ́jú.

Ẹnì kan ti ní òun fẹ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n kàn gbé e fún un?

Ẹ rọra. Ibi tí ó ti rẹ ènìyàn jù ni olè ti ń wọlé.

Lasse Collin ló ń dá tọ́jú xz, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀, tó wà nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo Linux, ètò tí ọ̀pọ̀ server ń lò. Ní ọdún 2022 ó sọ ní gbangba pé àárẹ̀ ọkàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bá òun jà, àti pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. Lásìkò yẹn kan náà ni àwọn orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí ń yọ ọ́ lẹ́nu pé ó ń falẹ̀, kí ó gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn náà sì ti wà nílẹ̀: ẹni tó ń jẹ́ Jia Tan, oníwà tútù, tó ti ń ràn án lọ́wọ́ láti ọdún 2021. Díẹ̀díẹ̀ ó gba àṣẹ. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, xz 5.6.0 àti 5.6.1 jáde pẹ̀lú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó lè jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wọ kọ̀ǹpútà olóhun láti òkèèrè.

Andres Freund, ẹnjiníà ní Microsoft, ló já a. Ó ń yẹ ohun mìíràn wò nígbà tó rí i pé wíwọlé sí kọ̀ǹpútà kan gba nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá! Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé xz, ó sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2024. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò tíì fi ojú Jia Tan hàn ní gbangba. Ohun tó jọ ọ́ ti ṣẹlẹ̀ ní 2018 sí event-stream, kódù kan tí àwọn ẹlòmíràn ń lò nínú iṣẹ́ tiwọn: ẹni tó kọ ọ́ kò lò ó mọ́, àlejò kan ní òun yóò máa tọ́jú rẹ̀, ó gbé e fún un, kò sì pẹ́ tí àlejò náà fi ohun tó ń jí bitcoin sínú rẹ̀.

Nítorí náà: ẹ jẹ́ kí ẹni náà kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ lábẹ́ ojú yín. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ lójúkorojú, ẹ mọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀. Kí àṣẹ láti gbé àtúnṣe jáde wà lọ́wọ́ ènìyàn méjì, kí ọ̀kan má lè dá a ṣe. Bí ẹ bá sì rí i pé àwọn àjèjì ń kán yín lójú kí ẹ gbé e sílẹ̀ kíákíá, ìyẹn gan-an ni kí ẹ fi fà sẹ́yìn. Bí kò bá sí ẹni tí ọkàn yín gbà, ó sàn kí ẹ pa iṣẹ́ náà dé ní gbangba ju kí ẹ gbé e fún ẹni tí ẹ kò mọ̀.

Mo fẹ́ gbé iṣẹ́ fún ẹnì kan kó bá mi kọ sọ́fítíwíà. Kí ni kó wà nínú ìwé àdéhùn?

Ẹ má jẹ́ kí lọ́yà kọ ojú ìwé ogún fún yín. Nǹkan mélòó kan ló ṣe pàtàkì.

Orúkọ ìkànnì, àkáǹtì server, àkáǹtì Play Store, ibi tí owó ń gbà wọlé: ẹ̀yin ni kí ẹ ṣí wọn, pẹ̀lú ímeèlì ilé-iṣẹ́ àti nọ́ńbà ilé-iṣẹ́, kí ẹ wá fún ẹni tó ń kọ ọ́ láṣẹ láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo gbà pé èyí nìkan ṣe ju ìdajì gbogbo ètò lọ. Àkáǹtì Play Store kò ju 25 dọ́là lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ti Apple ni 99 dọ́là lọ́dọọdún, bí ẹ kò bá sì san án, áàpù yín yóò kúrò lórí App Store.

Èkejì ni ẹni tó ni kódù. Lábẹ́ òfin Copyright Act ti ọdún 2022 ní Nàìjíríà, sọ́fítíwíà wà lára ohun tí òfin dáàbò bò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ lítíréṣọ̀, ẹ̀tọ́ náà sì wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Kí ẹ̀tọ́ yẹn tó di tiyín, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Owó tí ẹ san àti rìsíìtì tí ẹ gbà kò tó. Bí ẹni tó kọ ọ́ kò bá fẹ́ gbé e sílẹ̀ pátápátá (ọ̀pọ̀ kì í fẹ́, wọ́n sì lẹ́jọ́ rò, nítorí kódù kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ti oníbàárà mìíràn), kí ó kọ ọ́ pé ẹ lè lò ó, kí ẹ sì gbé e fún ẹlòmíràn láti tún ṣe, bí òun kò bá dáhùn fún iye ọjọ́ tí ẹ jọ fẹnu kò lé.

Ẹ̀kẹta, kódù kò gbọdọ̀ wà lórí laptop rẹ̀ nìkan. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń san owó fún ẹnì kẹta tí ń tọ́jú kódù sípamọ́, tí kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀ àfi bí ohun tí wọ́n kọ sínú àdéhùn bá ṣẹlẹ̀. Fún ilé ìwé tàbí ilé oògùn, owó rẹ̀ ti pọ̀ jù. Kí kódù wà lórí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó kódù pamọ́ sí, lábẹ́ àkáǹtì ilé-iṣẹ́, tí ènìyàn méjì jẹ́ alákòóso rẹ̀, ó tó.

Ìkẹyìn ni bọ́tìnì kan nínú sọ́fítíwíà náà tí ẹ lè fi kó gbogbo àkọsílẹ̀ yín jáde sí Excel tàbí CSV fúnra yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù. Ẹ ṣí fáìlì tó jáde, ẹ wò ó bóyá orúkọ àwọn ọmọ pé.

Èmi ni mo kọ ọ́, èmi nìkan ni mo sì ń tọ́jú rẹ̀. Kí ni kí n ṣe lọ́sẹ̀ yìí?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ètò tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ṣe sílẹ̀, nítorí ọ̀fẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Nínú àkáǹtì GitHub yín, ẹ lè yan arọ́pò. Bí ọlọ́jọ́ bá dé, ẹni yẹn lè mú ìwé ẹ̀rí ikú wá, kí ó sì dúró fún ọjọ́ 7, tàbí ìkéde ikú, kí ó dúró fún ọjọ́ 21, kó tó lè máa bójú tó àwọn kódù yín tó wà ní gbangba. Ẹ kíyè sí i pé èyí tó wà ní ìpamọ́ kò sí nínú ètò yìí. Ẹ gbé ìyẹn sábẹ́ organization, ìyẹn àkáǹtì àjùmọ̀ní, tí ẹlòmíràn náà jẹ́ alákòóso rẹ̀. Google ní Inactive Account Manager, ètò fún àkáǹtì tí ẹni tó ni ín kò lò mọ́: ẹ yan oṣù 3, 6, 12 tàbí 18, bí ẹ kò bá wọlé títí ó fi pé, wọ́n á kàn sí àwọn tí ẹ dárúkọ, tó lè tó ènìyàn 10. Ẹ má fi falẹ̀, nítorí Google lè pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ọdún 2 rẹ́. Bitwarden, tó ń tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù, ní irú ètò bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá ń sanwó: ẹni tí ẹ yàn yóò béèrè, bí iye ọjọ́ tí ẹ dá bá pé tí ẹ kò sì kọ̀ fún un, yóò wọlé.

Ẹ má kọ pásíwọ́ọ̀dù sínú ìwé ìhágún. Ìwé ìhágún máa ń di ohun tí ẹlòmíràn lè rí ní kóòtù, pásíwọ́ọ̀dù sì máa ń yí padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ojú ìwé kan ṣoṣo, lórí bébà. Kí ni sọ́fítíwíà yìí ń ṣe, ta ló ń lò ó, níbo ló ń gbé, kí ni wọ́n ń san owó rẹ̀, ọjọ́ wo ni owó náà ń pé, ta ni kí wọ́n pè. Ẹ kọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ kódù rárá, nítorí ìyàwó tàbí ọkọ tàbí àbúrò yín ló máa kọ́kọ́ kà á.

Kí ẹ wá dán an wò, àwọn ènìyàn kì í sì í fẹ́ ṣe èyí. Ẹ gbé laptop òfìfo fún ọ̀rẹ́ yín tó mọ iṣẹ́ náà, ẹ fún un ní ìwé àti àṣẹ tí ẹ kọ síbẹ̀ nìkan, ẹ jókòó ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ má sì sọ̀rọ̀. Ó kó kódù náà sílẹ̀, ó tẹ npm install, àṣẹ tó ń kó kódù àwọn ẹlòmíràn tí áàpù náà nílò wá, ó takú, nítorí Node, sọ́fítíwíà tí kódù náà fi ń ṣiṣẹ́, èyí tí ẹ ń lò ti darúgbó, ẹ kò sì kọ nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ síbì kankan. Ó kọjá ibẹ̀, áàpù náà ní òun kò rí fáìlì .env tí ètò àti pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wà nínú rẹ̀, orí laptop yín nìkan ló wà. Ó rí ẹ̀dà ìpamọ́ àkọsílẹ̀ náà, inú rẹ̀ dùn, àmọ́ ẹ ti tì í pa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lórí server kan náà tí ẹ̀dà náà fẹ́ rọ́pò. Gbogbo ibi tó bá ti gbójú sókè wò yín, ẹ kọ ìlà kan kún ìwé náà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ fún ẹlòmíràn.

Ṣé kí n kàn gbé kódù náà sí gbangba kí gbogbo ayé máa tọ́jú rẹ̀?

Gbogbo ayé kì í tọ́jú nǹkan. Gbígbé e sí gbangba dára, ó ń jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ lè tẹ̀ síwájú, àmọ́ kódù tó wà ní gbangba láìsí ìwé àṣẹ ìlò lára rẹ̀, ti ẹni tó kọ ọ́ nìkan ni síbẹ̀; ẹni tó bá tún un ṣe ń rìn létí òfin. MIT tàbí GPL, ìwé àṣẹ ìlò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, ẹ fi ọ̀kan sí i kó tó pẹ́ jù. Software Heritage, tí ilé ìwádìí Inria ní Faransé dá sílẹ̀ ní 2016, ń kó irú kódù bẹ́ẹ̀ pamọ́, ẹ sì lè fúnra yín ní kí wọ́n wá kó tiyín.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ bínú fà á ya. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, Azer Koçulu ní èdèkòyédè pẹ̀lú npm, ibi tí àwọn tó ń kọ kódù ti ń pín iṣẹ́ wọn, lórí orúkọ kan, ó sì yọ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kúrò. Ọ̀kan nínú wọn, left-pad, kò ju ìlà kódù 11 lọ. Àìmọye iṣẹ́ káàkiri ayé ni kò ṣeé gbé jáde mọ́ títí npm fi dá a padà.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Kò gbé fóònù mọ́. Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kó àkọsílẹ̀ yín jáde lónìí, nígbà tí ìkànnì náà ṣì ń ṣí. Bí bọ́tìnì kò bá sí, ẹ jókòó kí ẹ máa tẹ ojúewé kọ̀ọ̀kan jáde. Ó ń súni, àmọ́ ó sàn ju kí ẹ lọ bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n mú èsì ọdún tó kọjá wá.

Ẹ wo WHOIS, àkọsílẹ̀ gbangba nípa orúkọ ìkànnì, kí ẹ mọ ọjọ́ tí orúkọ ìkànnì yóò parí. Ọjọ́ yẹn ni gbèdéke yín. Ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó tà á, ẹ béèrè bóyá ẹlòmíràn lè san owó ọdún kan sí i. Àwọn kan máa ń gbà á láì fún yín láṣẹ lórí rẹ̀, ìyẹn sì ra àkókò fún yín. Ẹ má gbìyànjú láti mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Lábẹ́ òfin Cybercrimes Act ti 2015, wíwọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgba àṣẹ lè di ẹ̀ṣẹ̀, kò sì sí ohun tó kan òfin pé ilé ìwé yín ń jìyà.

Bí ó bá jẹ́ pé ó ti papòdà, ẹ lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ bó ṣe yẹ kí ènìyàn kí ọlọ́fọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ má dárúkọ server. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ kọjá lórí rẹ̀, kí ẹ wá bá ẹni tí àwọn àgbà ilé bá tọ́ka sí sọ̀rọ̀, kí ẹ sì bẹ ohun méjì péré: kí wọ́n má jẹ́ kí SIM rẹ̀ kú, kí wọ́n máa fi rìfúùlù díẹ̀ sí i, kí wọ́n sì má ta laptop rẹ̀, kí wọ́n má pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n tó gbé e fún ọmọ kankan. Ẹ lè fi owó rìfúùlù náà sílẹ̀. Ohun tó bá nílò ìwé àṣẹ, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ ni ẹbí ti máa gbà á, kì í yá, ẹ sì lè bá wọn gbé nínú owó rẹ̀.

Fún ìgbà wo ni sọ́fítíwíà lè máa ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀?

Èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà kan, tí kò bá íntánẹ́ẹ̀tì ṣe, tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú SQLite, ìyẹn fáìlì kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà náà, lè pẹ́ ju kọ̀ǹpútà náà lọ. Àwọn tó ń tọ́jú SQLite tilẹ̀ ti sọ pé àwọn fẹ́ máa bójú tó o títí di ọdún 2050. Èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ààbò tí Let's Encrypt ń fún àwọn ìkànnì, kì í lò ju ọjọ́ 90 lọ. Bí ohun tó ń sọ ọ́ dọ̀tun bá dákẹ́, ẹni tó bá wá yóò rí ìkìlọ̀ pé ibẹ̀ léwu. Ilé-iṣẹ́ tí owó ń gbà wọlé yí ọ̀nà wọn padà, sísan owó kú. Bí áàpù kò bá sì bá Android tuntun mu, Play Store yóò fi pamọ́ fún ẹni tó ra fóònù tuntun.

Mo fẹ́ jáwọ́. Báwo ni mo ṣe lè ṣe é tí ojú kò fi ní tì mí?

Ẹ sọ ọ́. Ìyẹn náà ni. Ẹ kọ ọ́ sójú ibi tí wọ́n ti ń wọlé pé láti ọjọ́ báyìí, kò ní sí àtúnṣe mọ́, bí wọ́n ṣe lè kó àkọsílẹ̀ wọn nìyí, ohun mìíràn tí wọ́n lè lò nìyí. Ẹ fún wọn ní oṣù mélòó kan. Àwọn tó ń ṣe TrueCrypt, tó ń ti fáìlì pa kí ẹlòmíràn má lè kà á, kò ṣe bẹ́ẹ̀: ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2014, ìkànnì wọn kàn yí padà lójijì pé sọ́fítíwíà náà kò láàbò, kí ènìyàn wá òmíràn lọ. Àwọn ènìyàn fi oṣù púpọ̀ jiyàn bóyá wọ́n gba ibẹ̀ lọ́wọ́ wọn ni.

Keyman, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi tẹ ẹ àti ọ pẹ̀lú àmì ohùn, gba ọ̀nà mìíràn. Marc Durdin bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 nítorí èdè Lao. Ní ọdún 2015, SIL, àjọ kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè, gbà á sọ́dọ̀, Durdin náà bá a lọ síbẹ̀, nígbà tó yá sọ́fítíwíà náà di ọ̀fẹ́, kódù rẹ̀ sì di ti gbangba. Ẹni tó ń lò ó lórí fóònù ní Òǹdó kò mọ̀ pé ohunkóhun yí padà.

Ṣé owó kò lè yanjú gbogbo èyí?

Ó lè fa ọjọ́ náà sẹ́yìn. Werner Koch fẹ́rẹ̀ẹ́ dá tọ́jú GnuPG, tí wọ́n fi ń ti ímeèlì àti fáìlì pa, fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí tí ìròyìn kan ní ọdún 2015 fi sọ pé owó ti fẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni Facebook àti Stripe ṣèlérí 50,000 dọ́là lọ́dún lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń lo iṣẹ́ ẹnì kan lójoojúmọ́, ẹ máa san nǹkan fún un lóṣooṣù, kódà bó ṣe kékeré. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún máa ń gbé fóònù. Àmọ́ owó kì í di ẹnì kejì. Bí owó bá wà, ẹ fi apá kan rẹ̀ gba ẹlòmíràn tí yóò máa wo kódù náà pẹ̀lú rẹ̀, bó jẹ́ wákàtí mélòó kan lóṣù.

N kò mọ ẹnikẹ́ni tó mọ kódù. Orúkọ ta ni kí n kọ sílẹ̀?

Kò dandan kó mọ kódù. Ẹni tí ẹ ń wá ni ẹni tí kì í sọ nǹkan nù, tó máa ń gbé fóònù, tí kò sì ní bẹ̀rù láti pe àwọn oníbàárà yín pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin tó ń ta aṣọ ní Gbági lè ṣe é ju ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ ẹnjiníà lọ. Ẹ sọ fún un kí ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀, ẹ fi ibi tí ìwé náà wà hàn án, ẹ sì fún un ní nọ́ńbà ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ náà tí ó lè pè. Bí ẹ bá pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù yín tàbí server, ẹ pè é lọ́jọ́ náà gan-an, kó fi bírò kọ ọ́ sí i.